Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ta Ló Máa Gbé Arọ?

Ní ilé wa ní Ọ̀dà, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ìyá mi kì í wo fóònù kó tó mọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Á jáde síta, á gbójú sókè sí apá ìlà-oòrùn, á fa imú lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ẹ kó kòkó o!" Ó parí nìyẹn. Ẹnì kan á sáré kó kòkó tí a sá sórí tapólì, ẹnì kan á já aṣọ kúrò lórí okùn, ẹnì kan á fa dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹnì kan á yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń fi aṣọ bo dígí. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa ń ní. Nígbà míì, kì í tó bẹ́ẹ̀. Kí páànù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ohun tá a bá ti gbé wọlé la gbé wọlé, ohun tó bá kù síta ti di ti ìjì.

Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kan, lóṣù kẹrin, tí iná ti lọ tí gbogbo ilé sì ṣókùnkùn, ni mo parí kíka Their Eyes Were Watching God, ìwé ìtàn àròsọ tí Zora Neale Hurston kọ, tó jáde ní 1937. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká pe àkọlé yẹn ní Yorùbá, "Ojú Wọn Ń Wo Ọlọ́run" ló máa jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìwé náà sí ìwé ìfẹ́: Janie fẹ́ ọkọ mẹ́ta, ẹnìkẹta ló sì rí ìfẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kà á nínú ilé tí ìjì ń gbọ̀n, ohun míì ni mo rí. Ìwé àwọn ènìyàn tí wọ́n gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, tí wọn ò sì kúrò níbẹ̀, ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa òǹkọ̀wé yìí, torí kì í ṣe àlejò pátápátá sí wa. Eatonville ló dàgbà sí, ìlú kékeré kan ní Florida tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ṣàkóso rẹ̀ fúnra wọn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àti ìṣe ẹ̀dá lọ́dọ̀ Franz Boas, ó sì máa ń rìn kiri gúúsù Amẹ́ríkà, tó ń gba ìtàn, orin àti àwàdà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn aráàlú. Kó tó kọ ìwé yìí, ó ti jókòó ti bàbá arúgbó kan ní Alabama tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis. Kossola ni orúkọ bàbá náà gan-an. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin tòní. Ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n ń pè ní Clotilda ló gbé e lọ ní 1860. Ìwé tí Hurston kọ nípa bàbá yìí, Barracoon, kò jáde títí di 2018, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn ikú òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí ohùn ènìyàn ni. Ìdí nìyẹn tí orí ìjì nínú ìwé rẹ̀ fi kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu kó tó di pé afẹ́fẹ́ fẹ́.

Orí kejìdínlógún ni. Janie àti Tea Cake, ọkọ rẹ̀ kẹta, wà ní Everglades, lẹ́bàá adágún Okeechobee, níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀wà fún owó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Janie rí àwọn Seminole, àwọn onílẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ibi tó ga làwọn ń lọ, pé ìjì ń bọ̀, pé koríko ti yọ òdòdó, àmì sì nìyẹn. Wọ́n tún kọjá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ehoro kọjá, ejò kọjá, àgbọ̀nrín kọjá, ẹyẹ igún gbéra. Apá ìlà-oòrùn kan náà ni gbogbo wọn kọrí sí.

Kí wá làwọn tó ń já ẹ̀wà sọ? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn Seminole ò mọ nǹkan kan, pé tí wọ́n bá gbọ́n, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní owó ń bẹ nínú ẹ̀wà lásìkò yẹn. Wọ́n tún wo ilé àwọn ọ̀gá, wọ́n rí i pé àwọn ọ̀gá ò kó ẹrù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní 'Lias dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀, ó ní kí Tea Cake àti Janie wọlé káwọn jọ máa lọ. Tea Cake dúpẹ́, ó ní rárá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n ń ta gìtá, wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń pa ìtàn. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ wá dé tán, tí iná kú, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìgbà yẹn ni ojú wọn wá ń wo Ọlọ́run.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sọ̀rọ̀ lórí ìwé yìí ti yà nìyí. Wọ́n máa ń ka àkọlé yẹn bí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́: ẹ̀dá kéré, Elédùmarè tóbi, nígbà tí ìṣòro bá dé, Òun là ń wò. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ padà sẹ́yìn ojú ìwé díẹ̀ kẹ́ ẹ bi ara yín: kí ojú wọn tó wo Ọlọ́run, ta ni ojú ọ̀hún ń wò? Ọ̀gá ni. Ilé ńlá ni wọ́n ń wò láti mọ̀ bóyá kí wọ́n sá. Wọ́n rò pé tí ẹni tó ní ilé ńlá ò bá bẹ̀rù, ẹni tó wà nínú ahéré ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Wọn ò rántí pé òrùlé ò jọra. Nígbà tí Hurston wá sọ pé ojú wọn ń wo Ọlọ́run, mo gbọ́ ìbéèrè nínú rẹ̀, mo tiẹ̀ gbọ́ ẹ̀sùn. Ọ̀gá ti bọ́ sẹ́yìn, Ọlọ́run nìkan ló kù láti wò, ilẹ̀ sì ti ṣú.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tó yẹ ká gbé ka iwájú ìwé yìí: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àgbàlagbà ò sì ní jẹ́ ká gbàgbé. Òwe tó dùn ni. Ó ní tí o bá ti gbọ́ ṣáájú, o ti bọ́. Àmọ́ orí kejìdínlógún yẹn já òwe yìí ní koro. Wọ́n gbọ́. Ẹnu ènìyàn ni wọ́n ti gbọ́, wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹranko, wọ́n gbọ́ lẹ́nu koríko. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ náà sì pa wọ́n. Òwe wa sọ nípa etí arọ, kò sọ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Arọ gbọ́ o, ta ló máa gbé e? Ta ló máa sanwó ọjọ́ iṣẹ́ tó bá pàdánù? Ta ló máa gbà á sílé níbi tó bá sá lọ?

Kì í sì í ṣe àròsọ lásán. Ìjì inú ìwé yẹn jà lóòótọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1928, ìjì hurricane kan kọlu Florida, ó ti omi adágún Okeechobee jáde. Ògiri amọ̀ tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ ni wọ́n fi sé adágún náà, ó sì ya. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn lọ́jọ́ yẹn pé kí wọ́n kúrò nílẹ̀ tó rẹlẹ̀. Nígbà tí ìjì ò wá dé lásìkò tí wọ́n pè, àwọn míì rò pé ó ti yà, wọ́n padà sílé. Ó kéré tán, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ènìyàn ló kú ní Florida, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ oko ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní West Palm Beach, wọ́n sin òkú 674 tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú sínú kòtò kan ṣoṣo, láìsí pósí. Àwọn òyìnbó ni wọ́n rí pósí fún. Hurston fi èyí sínú ìwé rẹ̀: wọ́n fi ìbọn mú Tea Cake láti sin òkú, wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá òkú náà funfun tàbí ó dúdú, torí pósí ò tó. Omi ti wú òkú débi pé a ò lè dá wọn mọ̀ mọ́. Mi ò mọ ibi tó le jù yẹn nínú ìwé náà. Ìjì ti parí, àmọ́ ẹni tí wọn ò kà sí nígbà tó wà láàyè, wọn ò kà á sí nínú ikú náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè sọ pé, "Hurricane? Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, kò kàn wá." Ẹ dúró ná. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti tọpa ìjì 1928 yẹn padà sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá tó ń kọlu Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean: rúkèrúdò inú afẹ́fẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà, ó gba ìwọ̀-oòrùn jáde sórí òkun, omi gbígbóná bọ́ ọ títí tó fi di òmìrán. Kì í padà sọ́dọ̀ wa, torí ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ń tì í lọ, a sì tún sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù fún irú ìjì bẹ́ẹ̀ láti rí agbára yípo. Ọ̀nà òkun tí ìjì yẹn gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Clotilda gba gbé Kossola lọ. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn ṣe ewì. Mo kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà tó bí a ṣe rò.

Tiwa náà wà nílé. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, àti èyí tó máa ń jà nígbà tí òjò bá fẹ́ parí, àwọn ló máa ń ṣí òrùlé ní Àkúrẹ́ àti ní Òde Oǹdó. Kì í ní orúkọ. Ti Amẹ́ríkà máa ń lórúkọ bí ọmọ tuntun. Ní oṣù keje 2024, nígbà tí Beryl ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pe ìyá mi láti Houston. Ó ní, "Mààmi, wọ́n ní ọjọ́ Ajé ló máa dé." Ìyá mi ní, "Ìjì tó ń dá ọjọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi ti rọ omi kún ibi ìwẹ̀, ó ti ra búrẹ́dì àti bátìrì, ó ti bu epo kún ọkọ̀. Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni Beryl dé. Iná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi tún pè, ó ní ooru fẹ́ pa òun. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ìwọ tí o dàgbà ní Ọ̀dà!" Lẹ́yìn tó ti gbé fóònù sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí pé, "Ta ló ń dá ọjọ́ fún àwa?"

Ìdáhùn wà. Ọdọọdún ni NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí. FUTA tó wà níbí ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ojú ọjọ́. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ arọ la tún padà sí.

Ilé kan wà ládùúgbò wa. Igi fúrúùtù ńlá kan dà lé e lórí, gbòǹgbò rẹ̀ ti gbé sókè lápá kan. Gbogbo àwọn tó háyà yàrá níbẹ̀ ló mọ̀. Wọ́n sọ fún onílé. Ó ní igi yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó kó jáde. Kó jáde lọ síbo? Owó ilé ọdún kan ni wọ́n ti san. Wọ́n dá owó jọ kí wọ́n lè gé e fúnra wọn, onílé ní ẹni tó bá fọwọ́ kan igi òun máa rí òun. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ọlọ́run ò ní jẹ́." Lọ́jọ́ tí ìjì jà, igi náà wó lu ilé ìdáná. Ìkòkò ọbẹ̀ lọ, páànù lọ, ìdajì ògiri lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni, torí pé ìyá tó máa ń dáná nírú àsìkò yẹn ṣì wà lọ́jà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Èmi náà jó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jó, Tea Cake ń bọ̀ wá sọ́kàn mi. Ẹnu àwọn ènìyàn yẹn ń pe Ọlọ́run, ẹ̀rù onílé sì ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi. Ẹni tó bá wá sọ pé ìgbàgbọ́ ló sọ wọ́n di ọ̀lẹ, kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti gbìyànjú. Àdúrà ni nǹkan kan ṣoṣo tó kù tí ẹnikẹ́ni ò lè fòfin dè.

Nítorí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ àwọn tó ń ka ìwé Hurston bí ẹ̀kọ́ pé "ẹ máa gbọ́ ìkìlọ̀." Hurston fúnra rẹ̀ ò jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Motor Boat. Nígbà tí omi ń lé wọn, wọ́n jọ wọ ilé kan tó ga, oorun gbé e níbẹ̀. Janie àti Tea Cake jí i pé omi ń bọ̀, ó ní òun ò lọ, ó padà sùn. Àwọn tó sá ló pàdé ajá dìgbòlugi tó gé Tea Cake jẹ, tó sì fa ikú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Motor Boat tó sùn yè. Ìjì kì í ṣe tíṣà tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn.

Àléébù ìwé náà wà o, mi ò ní fi bò. Àwọn Seminole ló mọ òtítọ́, síbẹ̀ òǹkọ̀wé ò jẹ́ ká mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Wọ́n kọjá bí àmì, bí ehoro àti àgbọ̀nrín ṣe kọjá. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn wọn. Hurston tó ní etí tó bẹ́ẹ̀ ò tẹ́tí sí wọn pẹ́. Ó tún yára kúrò lórí ìjì, ó padà sọ́dọ̀ Janie àti ọkọ rẹ̀. Ohun tó bùáyà jù nínú ìwé náà kò tó ojú ìwé ogún.

Àwa ńkọ́? Nínú lítíréṣọ̀ wa, afẹ́fẹ́ ò ṣàìní àyè. Ọya ló ni ẹ̀fúùfù. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní 1938, ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé Hurston, kọ nípa Ìmọ̀dòye tí ààjà gbé lọ nígbà tó wà lọ́mọdé, tó lo ọdún méje lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì bọ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Mo fẹ́ràn Ìmọ̀dòye. Àmọ́ ẹ wò ó: nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ máa ń dé lójijì ni. Ó jẹ́ agbára, ó jẹ́ ìjìyà, tàbí ó jẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ààjà máa gbé kì í dúró dè é. A ní ìtàn ẹni tí ìjì gbé lọ, a ní òwe nípa ohun tí afẹ́fẹ́ tú síta: afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ìtàn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìyá mi máa ń fún wa yẹn, nígbà tí ojú ọ̀run ti dúdú tí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀, tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń pinnu ohun tó máa gbé wọlé.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìtàn wà. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ní ibi tó lè sá lọ àti ẹni tí kò ní. Àwọn ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọn láti ọdún pípẹ́, inú irú ìdúró yẹn ni wọ́n ń gbé. Wọn ò nílò ẹni tó máa sọ fún wọn pé omi ń bọ̀. Wọ́n ń rí i láti ojú fèrèsé. Bí ọ̀dọ́ kan láti ibẹ̀ bá ń ka èyí, tó sì ní fóònù lọ́wọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kó má dúró di ìgbà tí omi bá gbé ilé lọ kó tó mú bírò. Kó kọ orúkọ, kó kọ ohun tí onílé sọ, kó kọ ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti gé ìyókù igi fúrúùtù yẹn báyìí. Kùkùté rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń jókòó lé e ta ayò. Ìyá tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà ṣì ń gbé inú ilé yẹn, torí owó ilé rẹ̀ ò tíì tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ọ̀run tún dúdú lápá ìlà-oòrùn. Ìyá mi fa imú, ó ní ká kó kòkó. Kó tó wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo sí òdìkejì títì pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ kó àwọn ọmọ yẹn máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa o, kó tó dé!" Wọ́n sì wá.